Ológò Ìlú Ọba: Àwọn Tí Ń Sin Gbèsè Ọkọ̀ Tí Ó Ti Pẹ́

Nínú gbogbo ìwé tí ń gba ihò ẹnu ọ̀nà wọlé tọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Manchester, bóyá ni a lè rí èyí tí ń já ènìyàn láyà bí ìwé ẹni tí ó wá sin gbèsè ọkọ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ ọ̀hún ti lọ. Àwọn ayánilówó ti wá wọ́ ọ lọ nígbà tí owó oṣù já, wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo, ẹlòmíràn sì ti ń wà á kiri. Ṣùgbọ́n iye tí owó gbàǹjo kò kájú ṣì wà lọ́rùn onígbèsè, kò sì sí ẹni tí ó mẹ́nu kàn án fún ọdún púpọ̀, títí di ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan tí òun kò bá dòwò pọ̀ rí fi kọ̀wé sí i, tí ó kọ àròpọ̀ owó ní lẹ́tà pupa, tí ó sì ní kí ó san án kíákíá bí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ti kóòtù.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa náà. Láyé àtijọ́, ológò wà ní ilẹ̀ Yorùbá, Àlùfáà Samuel Johnson sì ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921: ẹni tí olówó gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, tí yóò wọ ilé onígbèsè, tí yóò jókòó tì í, tí yóò sì fi ariwo àti ìyọnu gba ìsinmi lọ́wọ́ gbogbo agbo ilé títí wọn yóò fi wá owó náà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí ó sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀ nígbà tí àdéhùn bá pé. N kò ní yìn wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ìtìjú ni ohun ìjà wọn, ará ilé tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Òṣómàáló mọ aṣọ tí òun tà, ó mọ ọjọ́ tí òun tà á, ó sì mọ ojú ẹni tí ó rà á.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ̀wé lónìí kò tajà fún ẹnikẹ́ni. Gbèsè ni wọ́n rà. Ayánilówó tí lílé owó kiri ti sú a kó orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún onígbèsè jọ, a tà wọ́n pa pọ̀ ní owó tí ó kéré jọjọ sí èyí tí ó wà nínú àkọsílẹ̀, ẹni tí ó rà wọ́n a sì máa béèrè gbogbo rẹ̀ pátá. Òfin gbà á láyè. Àwọn tí ń gbèjà òwò náà ní bí kò bá sí olùra, àwọn tí ń san owó wọn déédéé ni èlé yóò gun orí wọn, n kò sì lè sọ pé àwíjàre náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ohun tí n kò lè gbà ni pé kí ẹni tí kò lè mú ìwé àdéhùn jáde, tí kò sì lè sọ iye tí wọ́n lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo, máa pàṣẹ bí ẹni pé òun ni ó fi kọ́kọ́rọ́ lé onígbèsè lọ́wọ́.

Àríyànjiyàn tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ọjọ́ orí gbèsè. Ní England àti Wales, òfin gbèdéke ti 1980 fún olówó ní ọdún 6 láti pe irú ẹjọ́ yìí. Bí ó bá pé láìsí ẹjọ́, láìsí pé onígbèsè san díẹ̀ nínú owó náà tàbí kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ ẹ́, ilẹ̀kùn kóòtù a tì, ṣùgbọ́n gbèsè kò kú. Ní Scotland, ọdún 5 ni òfin 1973 fi sí i, nígbà tí ó bá sì pé, gbèsè náà ti kú pátápátá nìyẹn. Ẹni méjì lè jẹ irú owó kan náà, ọ̀kan ní Carlisle lábẹ́ òfin England, èkejì ní Dumfries lábẹ́ òfin Scotland, kí ti ọ̀kan ti di ohun ìgbàgbé, kí wọ́n sì máa kọ̀wé sí èkejì.

Àwọn àgbà wa kan kò fẹ́ràn láti gbọ́ pé gbèdéke wà. Wọ́n ní ọmọ a máa san gbèsè baba tí ó ti kú, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ó ṣì wà láàyè. Wọ́n ní à-jẹ-ì-san ní í bẹ́gi dínà àwìn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ owó, tí ó mọ iye rẹ̀, tí ó sì mọ ẹni tí òun jẹ, kí ó san án. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, lẹ́yìn ọdún méje sí mẹ́jọ, ẹnu ẹnìkan náà ni a ń gbọ́. Onígbèsè ti kó kúrò nílé yẹn, ìwé ẹ̀rí tí ó fi san owó ti sọnù, ẹni tí ó bá a kọ̀wé ní ilé ìtajà ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, iye tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà olùra gbèsè nìkan ni ó kù. Ẹni tí ó ní ọdún mẹ́fà gbáko láti pe ẹjọ́ tí kò pè é, èmi kò rí ìyà tí a fi jẹ ẹ́.

Ìgbà wo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún 6 náà? Onígbèsè a ní láti ọjọ́ tí owó oṣù ti kọ́kọ́ já. Agbowó-gbèsè a ní ó di ìgbà tí ìwé ìkìlọ̀, tí òfin ní kí ó fún onígbèsè ní ọjọ́ 14 ó kéré tán, bá parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn England gbè sẹ́yìn agbowó-gbèsè nínú ẹjọ́ kan lórí owó káàdì. Èyí jẹ́ pé olówó tí ó bá fi ìwé ìkìlọ̀ falẹ̀ ti fi kún ọjọ́ ara rẹ̀, ó sì ṣòro fún mi láti pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbèdéke.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ṣọ́ ẹnu àti ọwọ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Bí ọdún 6 kò bá tíì pé, pọ́n-ùn 5 péré tí a san kí wọ́n lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀ ti tó láti mú kíkà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ìdí nìyí tí ohùn orí tẹlifóònù fi máa ń rọ̀ nígbà tí ó bá ń béèrè bóyá a lè fi ohun kékeré kan sílẹ̀ lónìí. Bí ó bá sì ti pé, kò sí owó tàbí ìwé tí ó lè jí ẹjọ́ náà dìde mọ́ ní England. Àjọ FCA, tí ìṣàkóso owó yíyá bọ́ sí lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin 2014, kà á léèwọ̀ pé kí agbowó-gbèsè tún máa béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti sọ pé òun kò ní san án nítorí gbèdéke ti kọjá.

Ó sì tún yẹ kí a béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ní 1938, Ellen Wilkinson, obìnrin aṣòfin tí ó ṣojú Jarrow, ti òfin kan kọjá nítorí àwọn ọlọ́jà tí ń já ẹrù gbà nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí tálákà san tán. Ìdáàbòbò rẹ̀ wà nínú òfin 1974 títí di òní. Bí àpapọ̀ owó ọkọ̀ àsandíẹ̀díẹ̀ bá jẹ́ 9,000 pọ́n-ùn, tí a sì ti san 3,000, tí í ṣe ìdá mẹ́ta rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbé e lọ láìgba àṣẹ kóòtù, àfi bí a bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá fi tipátipá gbé e, àdéhùn ti tú, onígbèsè kò jẹ kọ́bọ̀ mọ́, ó sì lè gba gbogbo ohun tí ó ti san padà. A jẹ́ pé nínú àwọn gbèsè tí wọ́n ń tà kiri yìí, a lè rí èyí tí ó ti tú láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọkọ̀ akẹ́rù wọ́ ọkọ̀ náà kúrò níwájú ilé.

Mo bẹ ẹ̀yin tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé bá: ẹ má sá, ẹ má sì fi ìpayà sanwó. Ẹni tí ń sin gbèsè kì í ṣe akódà kóòtù, kò lágbára láti wọlé tàbí láti gbé ẹrù. Pọ́n-ùn 1 ni òfin ní kí ẹ fi béèrè ẹ̀dà àdéhùn àti ìṣirò owó náà, bí wọn kò bá sì lè mú un wá, kóòtù kò ní bá wọn fipá gbà á títí wọn yóò fi mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé ìpẹ̀jọ́ gan-an ni ó dé, ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti fèsì, ọjọ́ 28 bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ̀wé pé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Kóòtù kì í bá ẹnikẹ́ni rántí gbèdéke. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, wọn yóò dá a lẹ́bi, bí gbèsè náà tilẹ̀ ti lé ní ọdún 6.