Bí Kíláàsì Kan Ní Ìṣẹri Ti Lè Bá Ti Òkè-Òkun Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìṣẹri Olówóra àti agbègbè rẹ̀, títí dé Ìkòsì àti Kétu. Bí kíláàsì kan níhìn-ín bá fẹ́ bá kíláàsì kan ní ilẹ̀ òkèèrè dáwọ́ lé iṣẹ́ kan náà, báwo ni a ó ti ṣètò rẹ̀ tí kì yóò fi já sí asán?

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní 1926, olùkọ́ kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, Célestin Freinet, bẹ̀rẹ̀ sí mú kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa fi ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Brittany. Ní 1988, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní iEARN lónìí bẹ̀rẹ̀ nípa síso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ New York pọ̀ mọ́ ti Moscow, nígbà tí ìjọba méjèèjì ṣì ń fura sí ara wọn. British Council náà so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ètò tí wọ́n pè ní Connecting Classrooms.

Síbẹ̀, púpọ̀ nínú irú ìbárẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kì í kọjá lẹ́tà kejì. Àwọn ọmọ a béèrè orúkọ ara wọn, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí ọ̀rọ̀ a tán. Èyí tí ó burú jù lójú wa ni pé, bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ìhà tiwa a di ìhà agbàfúnni. Àwọn tòkè-òkun a fi pẹ́ńsù àti ìwé àlòkù ránṣẹ́, àwọn ọmọ wa a sì kọ lẹ́tà ọpẹ́. A kò kẹ́gàn ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ láti máa dúpẹ́ nìkan kò tíì mọ̀ pé ohun kan wà lọ́wọ́ òun tí ẹnìkejì kò ní. Àwọn baba wa ti wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ni ìbéèrè tí ìhà kan kò lè dáhùn láìsí ìhà kejì.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní nǹkan bí 240 ọdún kí a tó bí Olúwa wa, Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé kan ní Alẹkisáńdíríà ti Íjíbítì, fi òjìji ọ̀sán gangan ní ìlú méjì mọ bí àyíká ayé ti tó. Kíláàsì kan ní Ìṣẹri lè bá kíláàsì kan ní Peckham ti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan láti gúúsù sí àríwá, jíjìn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀pá gígùn mítà kan nàró ṣánṣán nínú oòrùn. Òjìji ọ̀sán ní Ìṣẹri yóò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12. Ti Peckham yóò lé díẹ̀ ní mítà kan àti ìdámẹ́rin. Kí wọ́n ya ọ̀pá àti òjìji sórí ìwé, kí wọ́n fa ìlà láti orí ọ̀pá dé òpin òjìji, kí wọ́n sì fi ike ìwọn-igun inú àpótí ìṣirò wọn wọn igun tí ó wà lókè. Tiwa yóò jẹ́ nǹkan bí digírì 6½, tiwọn 51½. Ẹ yọ tiwa kúrò nínú tiwọn, ó ku 45, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́jọ òbìrí kan. Ẹ sọ 5,000 di ìlọ́po 8, ó di 40,000 kìlómítà: àyíká ayé nìyẹn! Peckham pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè rí i láìsí òjìji kékeré ti Ìṣẹri.

Ètò rẹ̀ ni ó gba sùúrù. Kí àwọn olùkọ́ ti kọ̀wé síra wọn ní oṣù kẹwàá, kí àwọn ọmọ tó gbọ́ ohunkóhun. Kí wọ́n fi kàlẹ́ńdà méjèèjì wé ara wọn, nítorí ọdún Àjíǹde a máa yẹ̀, ó sì lè mú ìsinmi wọ inú ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́. Kí wọ́n rántí pé ní àkókò náà agogo tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ọ̀sán gangan ní Ìṣẹri kì í ṣe agogo 12. Ó kù díẹ̀ kí agogo 1 lù ni. Kí àwọn ọmọ máa wọn òjìji ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láti agogo 12 ààbọ̀, kí wọ́n sì mú èyí tí ó kúrú jù. Ọjọ́ kan kò tó, nítorí ìkùukùu. Kí a yan ọjọ́ mẹ́wàá, kí a sì lo ọjọ́ tí oòrùn bá yọ ní ìhà méjèèjì.

A kò gbà pé kí a gbé gbogbo rẹ̀ lé ìpàdé ojú-kojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ti rí. Àwòrán kan àti àkọsílẹ̀ ìwọ̀n tí a fi fóònù olùkọ́ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ti tó. Kí olùkọ́ méjì wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nítorí a máa ń ṣí olùkọ́ nípò láìròtẹ́lẹ̀. Kí àwọn òbí sì fọwọ́ sí ìwé kí àwòrán ọmọ wọn tó rékọjá òkun. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ti tó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ìṣirò wọn yóò já sí 38,000 tàbí 43,000. Kí olùkọ́ má ṣe yára tún un ṣe. Kí àwọn ọmọ so òkúta mọ́ okùn, kí wọ́n fi wo ọ̀pá wọn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Peckham bóyá tiwọn ni ó wọ́. Ohun tí lẹ́tà kẹta yóò dá lé nìyẹn.