Ẹ Wo Epo Tí Katakata Yóò Mu Kí Ẹ Tó Wo Bó Ṣe Ń Dán

Katakata mẹ́ta ni wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà mẹkáníìkì kan ní Tayi Village, ní ìlú Mínà, ìpínlẹ̀ Niger. Àkọ́kọ́ jẹ́ Massey Ferguson 240 pupa tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkejì jẹ́ Kubota kékeré aláwọ̀ ọsàn, tòkunbọ̀ láti Japan. Èdè Japan ló ṣì wà lára àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Ìkẹta ló tuntun jù. Yúróòpù ni wọ́n ti gbé e wá, ara rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ rọ̀, gíláàsì kan sì wà níwájú awakọ̀ tó ń tan iná oríṣiríṣi. Hájíà tí mo tẹ̀ lé lọ ra katakata, àgbẹ̀ onírẹsì àti alágbàdo tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Bídà, kò lè gbójú kúrò lára ẹ̀kẹta yẹn.

Àwọn tó ni katakata náà ló gbé wọn síbẹ̀ fún títà, oníkálukú sì ti sọ pé tòun ló dára jù. Ṣùgbọ́n a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Bàbá tó ni ọgbà náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Mínà, ni Hájíà fọkàn tán, torí òun ló ń bá a tún ẹ̀rọ tó fi ń bó ìrẹsì ṣe.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò ní dá mi dúró lóko ni mo fẹ́.”

“Hájíà, a máa wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wo ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀.”

Àwo irin kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi àkísà nu ti Kubota, a sì rí 15.4 kW, ìyẹn bí agbára ẹṣin 21. Ti ẹ̀kẹta jẹ́ 28 kW, bí agbára ẹṣin 38, wọ́n sì kọ Stage V sí i lára. Ti Massey, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì Perkins rẹ̀ la kà. Lẹ́tà U tó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé Britain ni wọ́n ti ṣe é. Bí agbára ẹṣin 50 ni òun.

Láàárín 15.4 àti 28 yìí, ààlà kan wà tí ẹni tó bá ń ra katakata kékeré gbọ́dọ̀ mọ̀: 19 kW, tó jẹ́ nǹkan bí agbára ẹṣin 25. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2013, ẹ́ńjìnnì tuntun tó bá wà láàárín 19 sí 37 kW kò gbọdọ̀ tú ju gíráàmù 0.03 èédú kíkúná jáde fún kílówáàtì-wákàtí kan. Wọ́n gba èyí tó wà láàárín 8 sí 19 láyè dé 0.40, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́tàlá lọ. Yúróòpù náà dá ààlà sí 19 kan náà nígbà tí òfin èéfín rẹ̀, Stage V, bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe katakata tí agbára ẹṣin rẹ̀ dúró sí 24 tàbí 25: kò nílò fílítà èéfín. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀, tí wọ́n sì ṣe fún ọjà Yúróòpù lẹ́nu àìpẹ́ yìí, fílítà wà nínú sàlẹ́ńsà rẹ̀. Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ katakata ti ń wá sí Nàìjíríà, gba ọ̀nà mìíràn. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni òfin rẹ̀ tó le, TREM IV, bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ju agbára ẹṣin 50 lọ nìkan ló sì kàn. Nítorí náà, katakata méjì tí agbára wọn kò ju ara wọn lọ lè yàtọ̀ pátápátá, nítorí òfin ìlú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n.

Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú Massey, ojú rí gbogbo rẹ̀: pọ́ǹpù kan, páìpù irin mẹ́ta, nọ́sù mẹ́ta. Kò sí wáyà tó ń sọ fún pọ́ǹpù náà ìgbà tí yóò ta epo. Jíà ló ń yí i. Kubota jọ ọ́, àmọ́ inú yàrá kékeré kan lórí sìlíńdà ni epo rẹ̀ ti kọ́kọ́ ń jó, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ kí hítà mú un gbóná kó tó tan. Ẹ́ńjìnnì irú èyí kì í pariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu epo díẹ̀ ju èyí tó ń ta epo tààrà lọ. Ti ẹ̀kẹta kún fún wáyà. Pọ́ǹpù rẹ̀ ń ti epo pẹ̀lú ipá tó ju 1,000 bar lọ, brain box ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí nọ́sù kọ̀ọ̀kan yóò ṣí. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa lo epo níwọ̀nba, kó sì máa fa nǹkan láìkígbe.

A wá kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì, a lọ wo epo. Bàbá bu dísẹ̀lì láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò tó mọ́ gaara, ó gbé e sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí a padà débẹ̀, omi díẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Irú kẹ́ẹ̀gì yìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbé epo lọ sóko. Bí omi bá wọ pọ́ǹpù Massey, wàhálà ni, àmọ́ wọ́n lè tú u, kí wọ́n sì gbé e lọ kálíbrétì. Lára ẹ̀kẹta, omi kan náà lè ba nọ́sù àti pọ́ǹpù jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Omi ṣeé fojú rí. Imí-ọjọ́ inú epo kò ṣeé fojú rí, òun sì ni ọ̀tá ńlá fílítà èéfín. Amẹ́ríkà kò gbà kí imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ti Yúróòpù jẹ́ 10. Irú epo yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì kẹta. Ní Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin gbà á láyè dé 3,000. Ní 2016, àjọ Public Eye ti Switzerland tú àṣírí bí àwọn oníṣòwò epo ṣe ń po dísẹ̀lì tí imí-ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò sórí 50: láti 2021 fún epo òkè òkun, wọ́n sì fún àwọn ilé ìfọpo tiwa ní àyè di 2025. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kkí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísẹ̀lì ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìtẹ̀síwájú ni gbogbo èyí, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀, 50 pàápàá ju ìlọ́po mẹ́ta 15 lọ, kò sì sí àgbẹ̀ tó lè wo kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì kó mọ iye tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà ẹ̀kẹta, ó ṣàlàyé. Fílítà inú rẹ̀ ń gba èédú kíkúná dúró. Bó bá ti ń kún, ẹ́ńjìnnì a fi epo díẹ̀ kún un kó lè gbóná dé nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èédú náà lè jó di eérú. Iṣẹ́ tó le tó sì pẹ́ ló bá a lára mu. Ẹni tó bá ń fi í gbé ẹrù lọ sọ́jà, tó ń tan án tó ń pa á, fílítà rẹ̀ yóò tètè kún. Iná ìkìlọ̀ yóò tàn, agbára yóò sì dín kù. Ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, bíi CK-4, ló gbọ́dọ̀ máa mu. Ó wá nawọ́ sí koríko gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ọgbà. Lásìkò ọyẹ́, irú koríko yìí ló kún inú oko, ẹni tó bá dúró sórí rẹ̀ nígbà tí fílítà ń jó èédú lè dáná sun ohun tó gbìn.

“Ṣé wọn ò kúkú lè yọ fílítà náà dànù ni?” Hájíà béèrè.

“Hájíà, brain box ń retí ìròyìn láti ara rẹ̀. Bí kò bá rí i, kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.”

Hájíà béèrè nípa yùríà pẹ̀lú, torí ó gbọ́ pé àwọn katakata kan ń mu ún. Òótọ́ ni, àwọn ńlá tó kọjá 56 kW ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń mu ni AdBlue, omi mímọ́ tí yùríà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe po ajílẹ̀ yùríà tí à ń dà sídìí àgbàdo mọ́ omi dípò rẹ̀; ìdọ̀tí inú ajílẹ̀ yóò ba ẹ̀rọ náà jẹ́.

Títan ló kù. Bàbá ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tan wọ́n kí a tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Kubota tan lẹ́yìn tí hítà ti mú un gbóná. Èéfín funfun díẹ̀ jáde, kò pẹ́ tó fi pòórá. Ẹ̀kẹta tan, a ò rí èéfín kankan. Massey náà tan wọ́ọ́rọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n so hárò mọ́ ọn tí wọ́n sì fún un níná, èéfín dúdú yọ. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: eruku ti dí fílítà afẹ́fẹ́, tàbí nọ́sù kò fọ́n epo dáadáa mọ́. Funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀ ń sọ pé epo kò jó tán, tàbí pé omi redíétọ̀ ń wọ inú sìlíńdà. Èyí tó bá dà bí àwọ̀ aró ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èéfín dúdú ni àmì agbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tí a fowó rà tí kò jó ni. Ní 2012, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, fi èéfín dísẹ̀lì sára àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ọmọ tó ń wa katakata fún wa láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló ń mí in símú. Nítorí náà, ẹni tó bá ra katakata tí kò ní fílítà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìtọ́jú tòun ni fílítà rẹ̀.

Massey ni Hájíà mú. Kubota dára fún oko ìrẹsì olómi, ṣùgbọ́n kò ní agbára tó láti túlẹ̀ àgbàdo rẹ̀. Ó san àsansílẹ̀, ó sì fi àdéhùn sí i: wọn yóò kálíbrétì pọ́ǹpù àti nọ́sù, wọn yóò fọ fílítà afẹ́fẹ́, wọn yóò sì tún so hárò mọ́ ọn lójú rẹ̀ kó tó san owó tó kù.

Ìjọba náà ń ra katakata. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ètò katakata 2,000 láti Belarus ní Àbújá. NCAM, iléeṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ìdófìàn, lẹ́bàá Ìlọrin, ló ní ojúṣe dídán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá ń ta katakata fún àgbẹ̀, ìjọba tàbí oníṣòwò, kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: òfin èéfín tí ẹ́ńjìnnì yìí bá mu, iye imí-ọjọ́ tí ó lè gbà, àti ibi tí wọ́n ti lè tún un ṣe. Ọjọ́ tí ilé epo ọ̀nà Bídà bá lè fi ìwé hàn pé imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì rẹ̀ kò ju 15 lọ, tí ẹni tó mọ fílítà èéfín tún ṣe sì wà ní Mínà, kí Hájíà ra irú ẹ̀kẹta, torí ẹ̀dọ̀fóró awakọ̀ rẹ̀ tọ́ sí i. Kí ọjọ́ náà tó dé, kó lo èyí tí epo ibẹ̀ kò ní bà jẹ́, kó má sì jẹ́ kó rú èéfín dúdú.