Ìtànná àti Èso Ìbẹ́pẹ: Ẹjọ́ Igi tí À Ń Pè Ní Akọ

Ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni a fi ń dá igi ìbẹ́pẹ lẹ́jọ́ ikú: pé akọ ni. Bí ó bá ti tanná lórí ọ̀pá gígùn tí kò sì so, àdá ni ó kàn. Ọdún kan wá dé tí a gé gbogbo akọ tán. Abo mẹ́ta tí ó kù tanná, ìtànná wọn sì ń rẹ̀ dànù. Àwọn àgbà ilé ní ọwọ́ ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹjọ́ náà wò. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbẹ́pẹ pín sí: akọ, abo, àti èyí tí mo ń pè ní takọtabo. Ìtànná akọ kéré, ó pọ̀, ó sì ń fì lórí ọ̀pá. Ti abo tóbi, ó sún mọ́ ara igi. Takọtabo ní ohun akọ àti ohun abo nínú ìtànná kan náà. Èso rẹ̀ a máa gùn, ti abo a sì máa rí roboto. Ní alẹ́ ni àwọn àfòpiná ń gbé lẹ́búlẹ́bú ìtànná akọ lọ sí ara abo. Bí kò bá dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ìtànná abo ni yóò rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó bá so, kò ní ní kóró.

Àwọn mìíràn a máa kan ìṣó mọ́ akọ kí ó lè so. Mo ti rí èyí tí ó so lóòótọ́! Ṣùgbọ́n àwọn akọ kan wà tí ìtànná wọn ń yí padà bí ooru tàbí òtútù bá yí padà, tí wọn a sì so èso tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀pá. Ìgbà ni ó yí, ìṣó ni ó gba ọpẹ́.

Ní 1938, Hofmeyr ní Gúúsù Áfíríkà àti Storey ní Hawaii, láìgbìmọ̀ pọ̀, ṣàlàyé pé láti inú kóró ni ọ̀rọ̀ akọ àti abo ti wá. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni ó bí i, nǹkan bí ìdajì kóró a di akọ. Bí takọtabo bá gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta a di takọtabo, ìyókù a di abo, kò sì ní sí akọ rárá. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó tanná. Nítorí náà ni a ṣe ń gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú kan, tí a ń dúró de ìtànná kí a tó yọ èyí tí a kò fẹ́. Akọ kan tó fún nǹkan bí abo 10.

Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n dá ọ̀kan sí. Wọ́n dá a sí, lẹ́yìn ilé ìdáná, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n sọ fún àlejò pé akọ ni.