Àyà Jíjá àti Bí A Ti Ń Mú Un Rọlẹ̀

Kò sí ọmọ ènìyàn tí àyà rẹ̀ kì í já. Bí ọdẹ bá ṣe kòńgẹ́ ẹfọ̀n nínú igbó, àyà rẹ̀ yóò já. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tí a sì ní kí wọ́n ṣí ìwé ìbéèrè, àyà tirẹ̀ náà yóò já. Ọkàn rẹ̀ yóò máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò máa làágùn, ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, inú rẹ̀ yóò sì máa ru. Ojo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í pè; iṣẹ́ tí a dá ara láti ṣe ni ó ń ṣe.

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni kókó ẹran kékeré kan wà, tí ó bò ó bí ẹni dé fìlà. Nígbà tí ojú bá rí, tàbí tí etí bá gbọ́, ohun tí ó jọ ewu, ọpọlọ a ránṣẹ́ kíá sí kókó méjèèjì yìí, wọn a sì da oje kan tí à ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa sáré, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé apá àti ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yóò tú ṣúgà tí ó kó pamọ́ jáde, kí agbára lè wà. Ikùn yóò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, nítorí ẹni tí ẹfọ̀n ń lé kò ráyè à ń lọ oúnjẹ.

Ọ̀mọ̀wé Walter Cannon, ará Amẹ́ríkà, wádìí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Láti ọdún 1896, nígbà tí ó ṣì ń kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Harvard, ni ó ti ń fi ẹ̀rọ tí ń fi inú ara hàn wo bí oúnjẹ ti ń dà nínú ẹranko. Ó ṣàkíyèsí pé bí inú bá bí ológbò, tàbí tí ẹ̀rù bà á, ikùn rẹ̀ a dẹ́kun iṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀, iṣẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1915, ó ṣàlàyé pé ńṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹfọ̀n àti ìwé ìbéèrè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí ẹni tí a ó bá jà, kò sì sí ibi tí a ó sá sí; agbára tí ara pèsè kò rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà náà ni ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dunjú ń pòórá lọ́kàn rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣòfò láàrin wákàtí mẹ́ta.

Kí ni ṣíṣe? Ènìyàn kò lè pàṣẹ fún ọkàn rẹ̀ pé kí ó má sáré. Ṣùgbọ́n èémí yàtọ̀: à ń mí láìfiyè sí i, a sì tún lè mí bí ó ti wù wá. Èémí ni ìjánu ẹṣin yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ó dẹ èjìká rẹ̀, kí ó fa èémí sí imú títí yóò fi ka 4, kí ó sì rọra tú u jáde títí yóò fi ka 6. Bí èémí ti ń jáde, iṣan gígùn kan tí ó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn a máa dín eré ọkàn kù. Bí ó bá ṣe báyìí fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó rọrùn jù. Ó sàn kí ó ti máa fi èyí kọ́ra nílé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Ṣùgbọ́n bí àyà ènìyàn bá ń já lójoojúmọ́ láìnídìí, tí kò sì rí oorun sùn, kí ó lọ rí dókítà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àyà níní ju oògùn lọ. Ẹni tí ó ní àyà kì í ṣe ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já. Òun ni ẹni tí àyà rẹ̀ já, tí ó mọ ohun tí ó fà á, tí kò sì jẹ́ kí ìjánu bọ́ lọ́wọ́ òun.