Atẹ́míà: Ẹyin edé omi iyọ̀ tó ń gba ọmọ ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ebi, àti bí ẹ ṣe lè pa ẹyin náà láìfi owó ṣòfò

Bí ọmọ ẹja àrọ̀ bá jáde látinú ẹyin, oúnjẹ tó gbé sínú wá sáyé kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lọ. Tí ìyẹn bá ti tán, àfi kó rí nǹkan mìíràn jẹ. Nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ kéré tó ẹnu rẹ̀, ó sì dáa kó máa rìn nínú omi kí ọmọ ẹja lè tètè rí i. Bí kò bá rí irú rẹ̀, ebi á pa á, tàbí kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí jẹ tí wọ́n sì yára dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tọ́ ọmọ ẹja tà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá fi ń ra agolo Atẹ́míà, bó ti wù kó wọ́n tó. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sin ẹja àrọ̀ jù lágbàáyé, ṣùgbọ́n òkèèrè ni oúnjẹ àkọ́jẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹja wọ̀nyí ti ń wá. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé, nítorí náà nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, agolo kan di owó gọbọi. Ẹni tó bá rà á tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, owó rẹ̀ ń bá omi lọ.

Àlàyé rèé lórí ohun tí Atẹ́míà jẹ́, ibi tó ti ń wá, àti bí ẹ ṣe lè lò ó kó pé yín. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn tó ń sin ẹja aláràbarà nínú dígí ń gbà bọ́ ọmọ ẹja tiwọn.

Kí ni Atẹ́míà?

Edé kékeré ni Atẹ́míà. Inú adágún omi tí iyọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ju ti òkun lọ ló ń gbé. Èyí tó bá ti dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní gígùn. Kò ní ohun tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Iyọ̀ ni odi rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹja tí ì bá máa jẹ ẹ́ kò lè gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí omi bá rọgbọ, abo rẹ̀ máa ń bí ọmọ láàyè. Bí nǹkan bá le, bóyá iyọ̀ pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ inú omi dín kù, ẹyin eléèpo líle ló máa ń yé. Ọmọ inú ẹyin náà á dúró lójú kan ṣoṣo láìdàgbà sí i, ìṣiṣẹ́ ara rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá. Irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gbígbẹ bà á jẹ́. Bó ṣe lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, kó sì tún jí nígbà tó bá kan omi. Lọ́dún 1972, àwọn onímọ̀ fi ẹyin Atẹ́míà sínú ọkọ̀ Apollo 16 tó lọ sí òṣùpá, kí wọ́n lè mọ ohun tí ìtànṣán òfurufú ń ṣe sí ohun ẹlẹ́mìí. 

Bí ẹ bá da ẹyin náà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rò pé iyanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Gíráàmù kan ṣoṣo máa ń ní ẹyin tó 200,000 sí 300,000. Ọmọ tó ń jáde látinú rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, ẹnu ọmọ ẹja àrọ̀ sì gbà á dáadáa.

Ibo ló ti ń wá?

Lọ́dún 1933, Alvin Seale ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn pé ọmọ Atẹ́míà dára láti fi bọ́ ọmọ ẹja. Gunnar Rollefsen náà rí i bẹ́ẹ̀ ní Norway lọ́dún 1939. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń sin ẹja àti edé ti ń wá ẹyin yìí kiri.

Great Salt Lake, adágún iyọ̀ ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ni orísun rẹ̀ tó lókìkí jù. Wọ́n máa ń ṣírò ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde sí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo èyí tí ayé ń lò. Tó bá di oṣù kẹwàá tí òtútù ń sún mọ́lé, ẹyin á léfòó sójú omi ní ìlà pupa gígùn. Ọkọ̀ òfurufú kékeré á máa wá ìlà náà látòkè, á sì júwe rẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ìyẹn á fi ohun tó ń léfòó sé e mọ́, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì dì í sínú agolo. Wọ́n tún ń kó o ní Rọ́ṣíà, Kasakhstan àti Ṣáínà.

Adágún Great Salt Lake kò rójú láti bí ọdún mélòó kan. Oko àti ìlú ńlá ń fa omi àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀, ọ̀dá sì tún dá kún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, omi ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bó ṣe lọ sílẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí omi ṣe ń dín kù ni iyọ̀ ń le sí i, débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn onímọ̀ pé edé náà gan-an kò ní lè fara dà á mọ́. Òjò dídì tó pọ̀ lẹ́yìn náà ló fún adágún náà ní ìsinmi díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ omi ní Utah bá ṣe rí, ó lè kan owó agolo tí ẹni tó ń tọ́ ọmọ ẹja n'Íbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta ń rà.

Kí ló dé tí oúnjẹ gbígbẹ kò ṣe é dípò rẹ̀?

Ikùn ọmọ ẹja àrọ̀ kò tíì gbó láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò lè lọ oúnjẹ gbígbẹ dáadáa. Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ gbígbẹ tí wọn kò bá jẹ á rì sísàlẹ̀, á sì jẹrà. Ọmọ Atẹ́míà ní tirẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá àti èròjà tó ń mú ara dàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje ni ọ̀pọ̀ fi ń fún ọmọ ẹja àrọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ gbígbẹ kún un díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bó èèpo rẹ̀

Kì í ṣe dandan kí ẹ bó èèpo kí ẹyin tó pa, ṣùgbọ́n èrè wà nínú rẹ̀. Èèpo líle yìí kì í dà nínú ikùn, ó sì lè dí ìfun ọmọ ẹja. Kòkòrò àrùn tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bílíìṣì ìfọṣọ lásán, tí kò ní ọṣẹ tàbí òórùn dídùn, ló ń bó o, òun náà ló sì ń pa kòkòrò àrùn ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹyin sínú omi lásán fún wákàtí kan sí méjì, kí ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, títí tí ẹyin tó rún tẹ́lẹ̀ á fi wú roboto. Ẹ fi asẹ́ aláṣọ wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ wá dà á sínú bílíìṣì. Bí agbára bílíìṣì náà bá jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi mílílítà 15 ló tó fún gíráàmù ẹyin kan. Ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró.

Ojú ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ láti ìgbà náà lọ. Àwọ̀ ẹyin náà á yí kúrò ní pupa rẹ́súrẹ́sú sí eérú, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ó máa ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ooru á máa jáde nínú rẹ̀. Bó bá ti ń gbóná jù, ẹ ju yìnyín sí i, nítorí pé tó bá kọjá dígírì 40, ọmọ inú ẹyin á kú. Gbàrà tó bá ti di àwọ̀ ọsàn, ẹ sẹ́ ẹ kíá, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣàn án lọ́pọ̀ ìgbà títí òórùn bílíìṣì á fi lọ tán. Kẹ́míkà sodium thiosulphate díẹ̀ máa ń ka agbára bílíìṣì tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má ṣe da fínígà tàbí ásíìdì èyíkéyìí mọ́ bílíìṣì láé. Èéfín tó ń jáde nínú àdàlú wọn lè pa èèyàn.

Ẹyin tí ẹ ti bó yìí, ẹ lè fi bọ́ ọmọ ẹja bẹ́ẹ̀ láì dúró kó pa. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò lára ọmọ ẹja àrọ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń mú wọn dàgbà dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń rì, nítorí náà afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri nínú omi.

Bí wọ́n ṣe ń pa ẹyin náà

Ẹ wá ike omi ńlá tó mọ́ gaara, ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹ ki rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹyin kankan má bàa rí igun kó jọ sí. Nǹkan mẹ́fà ló wá kù.

Iyọ̀: nǹkan bí gíráàmù 25 fún lítà omi kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí ìjẹun ńlá kan àtààbọ̀.

Omi: kó má ní kẹ́míkà kíloríìnì. Omi bọ́họ̀ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun máa ń kan, ẹyin kì í sì í fẹ́ omi kíkan. Ṣódà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, gíráàmù kan sí méjì fún lítà kan, á tún un ṣe.

Ooru: dígírì 25 sí 30, èyí tó dára jù ni 28. Lọ́sàn-án, ojú ọjọ́ tiwa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ àti òru òjò ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ìmọ́lẹ̀: ẹ tan gílóòbù sí i, pàápàá láwọn wákàtí àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń jí ọmọ inú ẹyin.

Afẹ́fẹ́: kó máa hó dáadáa láìdáwọ́ dúró. Bí iná ìjọba bá lọ tí kò sí nǹkan mìíràn tó lè gbé ẹ̀rọ náà, ẹyin á rì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á sì kú.

Ìwọ̀n ẹyin: gíráàmù méjì fún lítà kan ti tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa du afẹ́fẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Láàárín wákàtí 18 sí 24, omi náà á pọ́n bí ọmọ tín-ín-tìn-ín bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ kó o fún ẹja?

Ẹ pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, kí ẹ fi nǹkan bo òkè ike náà, kí ẹ sì tan iná sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèpo òfìfo (bí ẹ kò bá bó ẹyin náà) á léfòó, ẹyin tí kò pa á rì sí ìdí, ọmọ Atẹ́míà á sì rọ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n jáde láàárín èèpo òkè àti ẹyin ìsàlẹ̀, sínú asẹ́ aláṣọ wẹ́wẹ́. Ẹ fi omi lásán ṣàn wọ́n kí ẹ tó dà wọ́n fún ẹja, kí omi iyọ̀ má bàa bá wọn wọ ilé ẹja.

Àsìkò ṣe pàtàkì púpọ̀ níbí. Láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó bá pa, ọmọ Atẹ́míà kò tíì ní ẹnu tó lè jẹun. Èròjà tó bá a wá látinú ẹyin ló fi ń gbé ara, èròjà yìí gan-an ni ọmọ ẹja yín sì nílò. Lẹ́yìn náà, á bọ́ awọ, á máa dàgbà, á sì máa jó èròjà náà. Tó bá fi di ọjọ́ kejì láìjẹun, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára inú rẹ̀ lè ti lọ. Bí ẹ kò bá lè lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé e sínú fíríìjì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Òtútù á dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró fún nǹkan bí ọjọ́ kan.

Nínú omi lásán, wákàtí mélòó kan péré ni ọmọ Atẹ́míà lè gbé. Èyí tí wọn kò bá jẹ á kú, á sì ba omi jẹ́. Nítorí náà, ẹ máa fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ bu ọmọ ẹja díẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí ẹ wo ikùn wọn. Ikùn èyí tó yó á pọ́n rokoso. Èyí tí ikùn rẹ̀ ṣì funfun kò tíì rí jẹ.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò

Ọ̀pọ̀ àdánù kì í ṣe ẹ̀bi ẹyin. Agolo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ á fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ẹyin tó bá sì rin díẹ̀ tó tún gbẹ kì í lè pa dáadáa mọ́. Ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì fi sínú fíríìjì. Kí ẹ tó fọkàn tán agolo tuntun, ẹ ka ọgọ́rùn-ún ẹyin sínú omi iyọ̀ díẹ̀ nínú àwo funfun, kí ẹ ka iye tó pa lọ́jọ́ kejì. Bó bá tó ọgọ́rin, ẹyin náà dára. Bí kò bá tó ìdajì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ẹyin yìí ti lè wá. Àwọn tó ń ṣe iyọ̀ ní Vinh Chau, ní Vietnam, mú irúgbìn Atẹ́míà láti San Francisco Bay wá sínú adágún iyọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ń kórè rẹ̀ títí dòní. Wọ́n ti gbé e lọ sí àwọn ibi ìṣe iyọ̀ ní etíkun Kenya náà. Orílẹ̀-èdè tó ń sin ẹja àrọ̀ tó tiwa yẹ kó náwó sí ìwádìí lórí bó ṣe lè ní tirẹ̀, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa sì kọ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ ẹja níṣẹ́ yìí ní èdè tí wọ́n gbọ́. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí agolo wà lọ́wọ́ yín, ẹ dán ẹyin wò kí ẹ tó lò ó, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹja ní ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pa gan-an.