Ẹni tí A Dárí Jì Ṣì Jẹ Gbèsè

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, bí ẹnì kan bá kó owó àjọ ẹgbẹ́ jẹ, ẹni tí owó rẹ̀ lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè sí ọ́fíìsì pásítọ̀. Wọ́n á ní kó fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kó rántí pé òun náà ń ṣẹ̀, kó má gba Sátánì láàyè. Wọ́n á gbàdúrà, gbogbo wọn á ṣe àmín, ẹni tó jẹ owó á sì gba ilé rẹ̀ lọ láìsan kọ́bọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pe èyí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ṣe ni wọ́n tún fi Bíbélì rẹ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Àánú tí Jésù fi hàn kò ti ìdájọ́ òdodo sẹ́yìn rí. Òun gan-an ló ń fún ẹlẹ́ṣẹ̀ láyà láti ṣe ohun tí òdodo ń béèrè.

Ẹ wo Sákéù, olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò, tí Lúùkù sọ ìtàn rẹ̀ ní orí 19. Iṣẹ́ tó gba ìrẹ́jẹ láàyè ni iṣẹ́ yẹn: ẹni tó ń gba owó-òde lè bù lé e, kó sì fi èlé rẹ̀ sápò. Jésù pè é sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó ní ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀ sí. Kò ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, kò béèrè ìwé ìṣirò. Àwọn èrò sì ń kùn, ẹni tí wọ́n bá sì ti rẹ́ jẹ rí kò ní bá wọn wí. Ìgbà tí àánú ti wọlé tán ni Sákéù dìde, tó ní òun á fún àwọn tálákà ní ìdajì ohun ìní òun, òun á sì san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Ìlọ́po mẹ́rin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú Òfin Mósè, ẹni tó bá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, ojúlówó owó náà àti ìdá márùn-ún rẹ̀ ló máa san. Ẹni tó jí àgùntàn, tó sì pa á tàbí tó tà á, ni òfin ní kó fi mẹ́rin dípò ọ̀kan. Sákéù, tí ẹnikẹ́ni kò pè lẹ́jọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó wúwo. Ẹ̀yìn gbólóhùn yìí ni Jésù tó kéde pé ìgbàlà wọ ilé náà.

Àwọn kan á ní ṣé a kò ti sọ oore-ọ̀fẹ́ di ọjà báyìí. Rárá o. Bí Sákéù bá ti sanwó kí Jésù tó wọlé, ọjà nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣèlérí àtisan án. Àwọn mìíràn á gbé àádọ́rin ìgbà lọ́nà méje dìde. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní Mátíù 18, ṣùgbọ́n ẹsẹ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni Jésù ti ní kí a lọ sọ ẹ̀ṣẹ̀ arákùnrin fún un lójú ara rẹ̀, bí kò bá gbọ́, kí a mú ẹlẹ́rìí dání, lẹ́yìn náà kí a gbé e dé iwájú ìjọ. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, kí a gbàgbé, àwọn àgbà ti dá wọn lóhùn: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohun tí kò ṣeé san padà ńkọ́, bí ẹ̀mí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní 1996, Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní South Africa lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ni alága. Ẹni tó bá tú gbogbo òtítọ́ síta nípa ìwà ọ̀daràn tó hù nítorí òṣèlú lè rí ìdáríjì ìjọba gbà. Ó lé ní 7,000 ènìyàn tó béèrè. 849 ló rí i gbà. Lára wọn ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó pa Amy Biehl, akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà, ní Gugulethu ní 1993. Àwọn òbí rẹ̀ kò tako ìdáríjì náà, nígbà tó sì yá, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tí àwọn òbí náà dá sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ wọn. Ìdílé Steve Biko, ajìjàgbara tó kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá ní 1977, kò gbà ní tiwọn: wọ́n gbé òfin tó fàyè gba ìdáríjì náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù. A ò lè pe ìyẹn ní àìnífẹ̀ẹ́. Níbi tí ètò náà ti kọsẹ̀, àánú kọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn tí a ṣẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀: ọdún 2003 ni ìjọba tó ní òun á san 30,000 ráńdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò tó ohun tí ìgbìmọ̀ dámọ̀ràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì pe lẹ́jọ́ nínú àwọn tí kò rí ìdáríjì gbà.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ owó ni kí pásítọ̀ kọ́kọ́ pè. Kí ó jẹ́wọ́ iye tó jẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dá iye tí yóò máa san lóṣooṣù àti ẹni tí yóò máa gbà á. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ẹnì kan fọwọ́ bà níbi tí kò yẹ, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn, àdúrà ìlàjà kò lè dípò rẹ̀. Bí ajigbèsè kò bá sì ní lóòótọ́, a lè fi owó náà jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n jẹ lówó nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kó fi sílẹ̀, kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe ìyá ìjọ.