Bí Agogo Ẹnu Ọ̀nà Ṣe Di Olójú

"Ilé tí mo kí, tó wá jẹ́ pé láti Jámánì ni wọ́n ti dá mi lóhùn, ṣé mo ti kí ilé náà àbí n kò tíì kí i?"

Bàbá àgbàlagbà kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní Kambolé, níwájú mọ́sálásí, lẹ́yìn tí wọ́n kírun Àsárì tán. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, àfi ìgbà tí mo rí i pé ojú Bàbá le. Wọ́n ní àwọn lọ kí àbúrò àwọn obìnrin kan tó lọ́kọ sí Tchamba, tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́n ṣe sàláámù, wọ́n pe àgò, kò sẹ́ni tó gbin. Ọmọ kékeré kan tó ń yí táyà kọjá ló ní kí Bàbá tẹ bọ́tìnnì tó wà lára òpó. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, iná búlúù kan tàn yípo rẹ̀, ohùn ọkùnrin sì jáde láti ara òpó: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Màmá wà ní yàrá, wọn ò gbọ́ yín ni. Ẹ má bínú, mò ń pe ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn." Ọmọ aláìsàn náà ni. Ẹnu iṣẹ́ ló wà ní Jámánì, ó sì ti rí fìlà Bàbá, ó ti rí ọ̀pá wọn, ó ti rí bí wọ́n ṣe fọn ikun imú sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Ikun imú yẹn ló dun Bàbá jù.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀, Kambolé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Tchamba ní àárín Togo, nítòsí ààlà Benin, ẹ̀ka Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní Manigri ní òdìkejì ààlà. Jámánì ṣe ìjọba lórí wọn títí di 1914, Faransé gbà á, òmìnira dé ní 1960. Láyé Jámánì, òyìnbó ló wá bá wọn. Láyé yìí, àwọn ọmọ Sokodé àti Tchamba ló ń lọ bá òyìnbó, tí wọ́n sì ń fi owó ibẹ̀ kọ́lé sílé.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló gbé mi dé Sokodé. Mò ń wá ẹni tó lè sọ fún mi bí agogo ẹnu ọ̀nà ṣe di ohun tó lójú, tó létí, tó sì lẹ́nu. Ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi kámẹ́rà àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sílé ni mo jókòó sí, ọmọ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti tẹ̀dó sí Sokodé tipẹ́. Iyàn gidi ni mo dá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan tó ti gbé Jámánì rí ní kò sí ohun tí a ń jà lé lórí, ilé-iṣẹ́ Siedle ní ìlú Furtwangen ló ni í. Ó ní láti 1750 ni wọ́n ti ń da agogo fún àwọn tó ń ṣe aago ògiri. Nígbà tó di 1935, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí onílé fi ń bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í ní èyí tí kò fi ojú hàn kọ́ là ń wí, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jamie Siminoff ló ṣe èyí tó fi ojú hàn. Onísọ̀ ní kí àwọn méjèèjì sinmi, Ṣáínà ni, nítorí gbogbo páálí tó wà níwájú òun, orúkọ Ṣáínà ló wà lára rẹ̀. Mo rán wọn létí pé ní Amẹ́ríkà, láti 1831 ni Joseph Henry ti fi iná lu agogo ní Albany. Wọn kò ka ìyẹn sí. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ obìnrin nínú wọn. Nígbà tí mo dárúkọ obìnrin kan, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Marie Van Brittan Brown ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bí i ní 1922, àgbègbè Queens ní New York ló ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Nọ́ọ̀sì kì í ní òru, kì í ní ọ̀sán. Albert ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ oníná ṣe, àkókò iṣẹ́ tiwọn méjèèjì kì í sì í ṣe déédéé. Olè àti ìpáǹle ti pọ̀ ládùúgbò wọn, bí ènìyàn bá sì pe ọlọ́pàá, kí wọ́n tó dé, ohun tó fẹ́ bàjẹ́ ti bàjẹ́. Obìnrin yìí á wà nílé lóun nìkan, wọ́n á kan ìlẹ̀kùn. Ṣé ará ilé kejì ni? Ṣé ẹni tó fẹ́ pa á ni? Kó tó lè mọ̀, àfi kó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni kò sì fẹ́ dé.

Ihò mẹ́rin ló ní kí wọ́n dá sára ìlẹ̀kùn, ọ̀kan lórí èkejì, kí ó lè rí ẹni gíga, kí ó sì lè rí ọmọdé. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn àwọn ihò náà, mọ́tò ń gbé e lọ sókè, ó ń gbé e bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń yọjú láti ihò dé ihò. Àwòrán ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kan nínú yàrá. Ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ wà lóde, ó wà nínú, kí onílé àti àlejò lè jọ sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì kan wà tó fi lè ṣílẹ̀kùn láìdìde lórí ibùsùn, òmíràn wà tó fi lè ké gbàjarè sí ẹ̀ṣọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba ní oṣù kẹjọ 1966 pé àwọn ló ni ọgbọ́n náà. Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lù ú, nọ́mbà rẹ̀ ni 3,482,037. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí nọ́mbà yẹn nínú ìwé tiwọn.

Ará Jámánì wa ní, "Ṣé wọ́n tà á?" Mo ní kò di ọjà. Kámẹ́rà ìgbà náà tóbi, owó rẹ̀ ga, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó gbé e dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí!" bí ẹni pé òun ti pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi kò gbà fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó tà jù là ń wá, Ṣáínà ti borí, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kíyè sí ni ibi tí tẹlifíṣọ̀n obìnrin náà wà. Inú yàrá rẹ̀ ni. Ẹni tó wà nílé ló ń wo ẹni tó wà lóde, òun náà ló sì ń dá a lóhùn. Siminoff ló gbé ìdáhùn jáde kúrò nínú ilé. Ní 2011, inú gáréèjì ilé rẹ̀ ní California ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gbọ́ agogo bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níwájú ilé. Ó bá so agogo mọ́ fóònù, ó pè é ní DoorBot. Ní oṣù kọkànlá 2013, ó gbé e lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n Shark Tank, ó ní kí wọ́n fún òun ní 700,000 dọ́là, kí wọ́n gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn olówó tó jókòó níbẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun á yá a lówó, Siminoff sì kọ ìyẹn. Lọ́dún kejì, ó yí orúkọ ẹ̀rọ àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ padà sí Ring. Ní 2018, Amazon rà á ní owó tó ju 800 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Láti ìgbà tí agogo ti ń dún nínú àpò ẹni tí kò sí nílé ni ilé ti lè ṣófo kó sì máa dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní ìlọsíwájú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó gba agogo jáde náà ló tún wá ń wá ọ̀nà tó máa gbà padà wọlé. Amazon gbé Echo Show jáde ní 2017, ẹ̀rọ onísikíríìnì tí ènìyàn ń gbé sórí tábìlì, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì, Google gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Nest Hub báyìí. Bí àlejò bá tẹ agogo, ojú rẹ̀ á yọ lórí sikíríìnì. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí tẹlifíṣọ̀n nọ́ọ̀sì yẹn tó padà sí yàrá.

Onísọ̀ ló wá là á yé mi pé ohun tó ṣe Bàbá ní Tchamba kò le. Agogo wà ní ilé yẹn, sikíríìnì ni kò sí. Fóònù ọmọ tó wà ní Jámánì nìkan ló mọ̀ bí àlejò bá dé. Màmá kì í mú fóònù olójú ńlá dání. Kí wọ́n gbé sikíríìnì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó dá a lóhùn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wáyà ni wọ́n fi ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agogo ń bọ́ sórí Wi-Fi ilé, sikíríìnì náà ń bọ́ sórí rẹ̀, inú áàpù fóònù ni wọ́n ti ń mọ ara wọn. Bí agogo bá jẹ́ Ring, tí sikíríìnì sì jẹ́ Echo Show, Amazon ló bí méjèèjì: a ṣí áàpù Alexa, a so àkáǹtì Ring mọ́ ọn, a sì tan ìkéde àlejò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé. Bí a kò bá tàn án, àlejò á tẹ bọ́tìnnì títí, sikíríìnì á kàn máa sọ iye tí aago lù. Bí ó bá jẹ́ ti Google, áàpù Google Home ni agogo Nest àti sikíríìnì rẹ̀ jọ ń gbé. Wàhálà ni kí ènìyàn ra agogo lọ́dọ̀ Amazon kó wá ra sikíríìnì lọ́dọ̀ Google. Àwọn méjèèjì kì í jẹun nínú àwo kan. Ní 2022, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ para pọ̀ gbé ìlànà kan tó ń jẹ́ Matter jáde kí ìjà yìí lè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde, kámẹ́rà kò sí nínú rẹ̀.

Tchamba ní ìṣòro tirẹ̀. Transfọ́mà agogo tí wọ́n ń fi sílé ní Amẹ́ríkà, iná 120 fóòtì ló mọ̀, ti Togo jẹ́ 220, nítorí náà agogo oníbátìrì ni onísọ̀ máa ń gbé lọ. Ìgbì 2.4 GHz ló ń lò fún Wi-Fi rẹ̀, torí ó ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju ìgbì 5 lọ. Géètì irin ṣì ń dí i lọ́nà, ìyẹn ló fi ń fẹ́ kí àwọn onílé gbé ráútà sún mọ́ fèrèsé tó kọjú sí òde. Bí iná bá lọ, agogo kò ní kú, ráútà ló ń kú. Ó wá ń so ráútà mọ́ páńẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì. Agbègbè yìí kan náà ni ibùdó iná oòrùn Blitta wà, tó jẹ́ 50 mégáwáàtì nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2021, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́n kì í dá iná gbára lé.

Ohun kan wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láti géètì dé ibùsùn Màmá, ọmọdé lè sá a kó má mí. Ṣùgbọ́n àwòrán Bàbá kì í gba àárín ilé kọjá. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, kó wọ okùn abẹ́ òkun, kó lọ bá kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ẹ̀rọ náà lókè òkun, kó tó padà wá sí yàrá tó wà lẹ́yìn géètì. Ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gúnlẹ̀ sí Lomé ni Equiano, tí Google fà. Lomé ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2022. Olaudah Equiano, ẹrú tó fi owó ara rẹ̀ ra òmìnira ní 1766, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mo gbé ìbéèrè Bàbá lọ bá alùfáà kan ní Tchamba. Kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn nípa ẹ̀rọ. Ó ní Kùránì, nínú Súrà Núrù, ti pàṣẹ pé kí a má wọ ilé onílé láìgbàyè, láìkí ará ilé. Ọ̀rọ̀ Ànábì sì wà pé ìgbà mẹ́ta ni kí a tọrọ àyè, bí wọn kò bá dáhùn kí a padà. Ó ní nítorí ojú ni òfin náà ṣe wà, kí àlejò má baà rí ohun tí kò yẹ kó rí nínú ilé, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi í kọjú sí ẹnu ọ̀nà gan-an bí wọ́n bá ń ṣe sàláámù. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dúró sí. Alùfáà kejì tó jókòó níbẹ̀ ní ojú àlejò ni òfin dè, kò de ojú onílé. Èyí àkọ́kọ́ ní, "Onílé tó wà níbo?" Wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ ọ́ ní èdè Tchamba, ohùn wọn sì ń ga sí i. Èmi rò pé ìbéèrè yẹn gan-an ni agogo tó lójú gbé dé. Bí sikíríìnì bá wà ní yàrá, onílé wà nílé. Bí kò bá sí, ògiri ni Bàbá kí.

Ti bí ẹ̀rọ náà ṣe dé àgbègbè yìí, ẹnu kò kò. Àwọn ará Sokodé ní inú kọ̀ǹtéénà tí wọ́n fi ń kó mọ́tò àlòkù wá sí èbúté Lomé ló bá dé. Àwọn ará Tchamba ní alhaji kan ló gbé e bọ̀ láti Saudi. Ní Kambolé, wọ́n ní láti Benin ni, ó gba Bassila wọlé. Ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀, ẹlẹ́rìí náà sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́.

Onísọ̀ ní òun ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá pe òun láti òkè òkun pé ta ni yóò máa wà nílé. Inú ń bí àwọn kan, wọ́n á ní ṣé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn? Ó mú mi gba àdúgbò kan kọjá tó jẹ́ pé ilé tuntun ló kún ibẹ̀, agogo lára òpó géètì, kò sẹ́nì kan nínú ilé, ọlọ́dẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ kámẹ́rà. Mo fẹ́ tẹ ọ̀kan wò. Ọlọ́dẹ náà na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó ní Amẹ́ríkà ni ọ̀gá òun wà, ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó sọ ọ́ fún òun.